Eegun Epìyà Nínú Ọ̀fun Olórí Àdúrà

Adéṣínà fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí, ó sì ní kí n má fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹja ni.

Ọmọ Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ẹ mọ àwọn Áńgílíkà: wọ́n á dìde, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọrin, wọ́n á sì lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣínà wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó darapọ̀ mọ́ fẹ́lóṣíìpù kan tó jẹ́ pé bí ohùn rẹ kò bá tíì há, a jẹ́ pé o kò tíì gbàdúrà.

Kò pẹ́ tó fi di olórí àdúrà. Bí ó bá ní kí wọ́n fa ojú ọ̀run ya, àga a máa ṣẹ́. Gbogbo ọmọ fẹ́lóṣíìpù ló ń bẹ̀rù rẹ̀, ó sì rò pé Ọlọ́run ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ohun kan ṣoṣo ni Ṣínà kò mọ̀ ọ́n sọ. Kò mọ̀ ọ́n sọ pé "èmi ni." Bí ó bá pẹ́ dé ìpàdé, èṣù ló dá a dúró. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ogun ilé bàbá rẹ̀ ni. Bàbá olóògbé kọ́ o! Bàbá tó wà láàyè, tó ń bá a ra ìwé.

Lẹ́yìn ìdánwò, fẹ́lóṣíìpù gbéra láti lọ ṣe ìwàásù, ó di Efire, létí ọ̀sà, ní Ògùn Waterside, níbi tí iṣẹ́ ẹja ti jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ilé. Wọ́n fún wọn ní yàrá ìkàwé méjì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti sùn, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Kí wọ́n tó tú ẹrù tán, Ṣínà ti kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni: kò sí oúnjẹ, kò sí omi.

"Bùrọ̀dá Ṣínà, ṣé a ò lè máa ṣínu ní ìrọ̀lẹ́?" ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

Ṣínà wò ó bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí pẹpẹ. "Bí o bá fẹ́ ṣínu, ìyá rẹ wà nílé."

Ọmọbìnrin kan nawọ́. Moyinolúwa ni, ọmọ Òjowò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ọgbẹ́ inú. Dókítà ní kí n máa fi omi lo oògùn mi ní àràárọ̀."

"Ìgbàgbọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Òun ni mo fi ń gbà gbọ́ pé oògùn náà á ṣiṣẹ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ṣínà kò rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé tú, ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Lo oògùn rẹ, kí o sì mu omi rẹ. Má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ, kí wọ́n má bàa ní mo ń ṣojúsàájú."

"Ẹ ṣé gan-an, sà."

Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú. A ó padà sí i.

Ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé náà ni Ìyá Abibat ti ń yan ẹja. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òórùn epìyà gba ojú fèrèsé wọlé, ó jókòó sáàárín wọn bí ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn kan ń gbàdúrà, imú wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Sistá Olúfúnmi, akọ̀wé wọn, ní òun bá ẹ̀mí ẹja wí. Ẹ̀mí ẹja kò lọ.

Ṣínà dìde. "Mò ń lọ dá gbàdúrà létí omi."

Ó fẹ́ lọ sétí omi lóòótọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò fẹ́. Ẹsẹ̀ yà lẹ́yìn ọgbà, ó dúró síwájú ààrò Ìyá Abibat. Ẹja tò sórí àwọ̀n irin, ọ̀rá ń kán sínú iná, ó ń dún ṣàà, ṣàà.

"Pásítọ̀, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"Ìyá, à ń gba ààwẹ̀."

"Àwa náà ń gbààwẹ̀ ní tiwa. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, a máa ń jẹun. Ṣé tiyín, oòrùn rẹ̀ kì í wọ̀ ni?"

"Ààwẹ̀ tiwa le, Ìyá."

"Mo rí i lẹ́nu yín. Ètè yín ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀." Obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan. "Ọkọ̀ ọkọ mi ti gúnlẹ̀, mo fẹ́ lọ gba ẹja tútù. Ẹ bá mi ṣọ́ èyí kí ológbò burúkú yìí má gbé e. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ọkàn mi balẹ̀ sí yín."

Ó lọ. Ó wá ku Ṣínà, ó ku ẹja, ó ku ológbò.

"Padà lẹ́yìn mi," Ṣínà pàṣẹ fún ológbò. Ológbò jókòó, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ń wò ó bí ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ṣínà kọ́kọ́ fi ìka kan ẹja bóyá ó ti jinná. Ìka kúkú kọ́ ni ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rá wà lára ìka, a kì í sì í fi ọ̀rá nu aṣọ tuntun. Ó lá a.

Lẹ́yìn náà, ó rò ó pé ìrù kì í ṣe ẹja gan-an. Ó já ìrù.

Ó jẹ ẹja kìíní bí ẹni tó fẹ́ ronú pìwà dà. Ó jẹ èkejì bí ẹni tó ti ronú pìwà dà tán. Nígbà tí yóò fi kan ẹ̀kẹta, kò rántí pé ìrònú wà láyé.

Àfi bí ó ṣe gbọ́ ohùn Ìyá Abibat lókèèrè. Ó gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì gbàù! Nǹkan kan gún un ní ọ̀fun. Ó kó orí ẹja àti eegun sínú àpò ọ̀rá kan, ó sáré rì í mọ́ inú iyanrìn lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn obìnrin, ó sì padà wá dúró bí ọlọ́dẹ.

Ìyá Abibat wo àwọ̀n irin. "Yéè! Ẹja mi dà?"

"Mo gbìyànjú, Ìyá," ni Ṣínà wí. Ó tọ́ka sí ológbò.

Obìnrin náà gbé igi. Ó ṣépè fún ológbò náà, ó ṣépè fún ìyá tó bí i, ó lé e títí dé etí omi. Ẹ wò ó, ológbò tí kò fẹnu kan nǹkan kan! Bí irọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A máa kọ́kọ́ wá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, a óò di irọ́ náà rù ú.

Ṣùgbọ́n ológbò náà kò gbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́ tán, ó ti tú iyanrìn, ó ti wọ́ ọ̀rá eegun náà dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn obìnrin. Ẹ̀gbẹ́ ẹní Moyinolúwa, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ló jù ú sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹní yẹn kan náà ni ọ̀rá omi tí ọmọ náà fi lo oògùn wà.

Sistá Olúfúnmi ló kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá wà ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ náà á ti gbọ́ igbe rẹ̀.

"Ẹlẹ́ṣẹ̀ wà nínú àgọ́! Abájọ tí ọ̀run fi le bí irin! Ẹja ló ń jẹ!"

Wọ́n kó gbogbo èèyàn jọ. Wọ́n ní kí Moyinolúwa kúnlẹ̀ láàárín. Ta ni adájọ́? Ṣínà ni.

"Omi ni mo mu, n kò fẹnu kan ẹja," ni Moyin wí.

"Ẹni tó mu omi lè jẹ ẹja," ni Olúfúnmi wí. "Ẹja, inú omi ló ń gbé!"

"Sistá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n gbà mí láyè kí n tó mu omi."

"Ta ló gbà ọ́ láyè?"

Moyin gbé ojú sókè, ó wo Ṣínà. Gbogbo wọn wo Ṣínà. Eegun tó wà lọ́fun Ṣínà yí padà.

"N kò rántí," ni Ṣínà wí.

"Háà, Bùrọ̀dá." Moyin ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, epìyà mẹ́ta kò bí mi nínú. Ebi ni ebi ń jẹ́, kò mọ olórí àdúrà. "N kò rántí" yẹn ló bí mi nínú. Ẹni tó ni àṣẹ, tó ni ohùn, tí gbogbo èèyàn ń gbàgbọ́, ó fi ẹnu tó fi jẹ ẹja sin ọmọ ọlọ́mọ láàyè. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Olúfúnmi kò fi àkókò ṣòfò. Ó pe ìyá Moyin ní Òjowò lórí fóònù, níwájú gbogbo wọn. "Mà, ọmọ yín ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹja ló ń jí jẹ ní ìkọ̀kọ̀. A ń dá a padà fún yín." Obìnrin tó jẹ́ tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní òtítọ́ sísọ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi!

Wọ́n ní kí Moyin lọ di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí Ṣínà fi àdúrà wẹ àgọ́ mọ́.

Ṣínà la ẹnu. Eegun gún un. Ó wúkọ́.

"Fáyà!" ni wọ́n kígbe.

Ó tún wúkọ́, ó di ọrùn mú, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa! Ẹ wò ó!"

Kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Itọ́ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní òróró ni.

Ariwo yìí ló gbé Ìyá Abibat dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo olórí àdúrà bó ṣe ń fò tó ń di ọrùn mú. Kò sí ọmọ Efire tí kò mọ irú ẹ̀mí yẹn. Ó kọjá láàárín wọn, ó gbá Ṣínà lágbọ̀n mú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Pásítọ̀, eegun epìyà ló há yín lọ́fun."

Ṣínà gbọn orí.

"Ẹ má gbọn orí, á tún wọlé sí i. Ẹ̀bà mi wà lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn lọ. Òkèlè ńlá kan, ẹ ò ní jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ ó kàn gbé e mì, á wọ́ eegun lọ. Kò sẹ́ni tó máa rí wa." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ológbò ni mo kúkú ti ṣépè fún."

Ẹ ò rí àánú? Ọ̀nà là gbalaja. Ṣínà dìde, ó dorí kọ ilẹ̀kùn.

Moyin ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì léjìká, tó fẹ́ jáde lọ wọ ọkọ̀. Ọmọ náà yà fún un kí ó kọjá. Ó rí bí ọkùnrin náà ṣe ń wúkọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó wí.

Ṣínà ní bí ó bá jẹ́ pé ó bú òun ni, òun ì bá kọjá. Ṣùgbọ́n "ẹ pẹ̀lẹ́" yẹn gún un ju eegun lọ. Ó dúró. Ó yíjú padà sí ìjọ.

"Èmi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ rí bí ti àkèré.

"Àmín!" ni wọ́n dáhùn.

"Mo ní èmi ni. Èmi ni mo jẹ ẹja."

Olúfúnmi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ gbọ́! Ó ń gba ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà rù! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo ìfẹ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn kan wólẹ̀.

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o. Ó purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ó sọ òótọ́, wọ́n ní ó ti mọ́ jù. Ṣínà rí i pé bí òun bá dákẹ́ síbẹ̀, òun ti jẹ́wọ́, òun sì tún ti di ẹni mímọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ fún mi pé ìdánwò yẹn dùn ju epìyà lọ.

Ó yíjú sí Ìyá Abibat. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀bà náà wá síbí."

"Síbí? Níwájú gbogbo wọn?"

"Níwájú gbogbo wọn."

Ẹ̀bà dé, ó ń rú èéfín. Ṣínà kúnlẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ. Ìyá Abibat gé òkèlè, àmọ́ kò tíì fi sí i lẹ́nu.

"Ẹ dúró ná. Ṣé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ṣínà fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mo sì lé ológbò ọlọ́lá títí dé etí omi! Ọmọ alárè, ẹ ò ṣe dáadáa o." Ó fi òkèlè sí i lẹ́nu. "Ẹ gbé e mì."

Èkíní dúró lọ́nà. Ojú Ṣínà yọ síta. Obìnrin náà fi òmíràn tì í, ó gbá a lẹ́yìn, gbì! Nǹkan lọ. Ṣínà di ọrùn mú, ó mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Ohùn rẹ̀ ti padà, kò sì lò ó láti pariwo. "Èmi ni mo jẹ ẹja. Èmi ni mo ní kí Moyin mu omi. Mo rántí dáadáa. Mo purọ́ mọ́ ọn. Mo purọ́ mọ́ ológbò pàápàá."

Ó wá na gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún kan ní yunifásítì.

"Bùrọ̀dá, ẹ dìde."

"Jẹ́ kí n wà nílẹ̀."

"Ẹ dìde jàre, ẹ ń dí ọ̀nà."

Ó dìde. "Ṣé o dárí jì mí?"

"Rárá o," ni Moyin wí. "Mo ṣì ń bínú. Ọlọ́run ti gbọ́ tiyín. Ìyá mi kò tíì gbọ́. Olè ẹja ni mo jẹ́ lójú wọn ní báyìí." Ó sọ báàgì kalẹ̀. "Ìyá Abibat, ṣé ẹ̀bà yẹn ṣẹ́ kù?"

Ó jókòó, ó fọwọ́, ó ń jẹun níwájú wọn. Wọ́n wò ó títí. Ta ló kọ́kọ́ béèrè bóyá ọbẹ̀ wà? Sistá Olúfúnmi ni.

Bí ààwẹ̀ gbígbẹ náà ṣe parí nìyẹn. Látọjọ́ yẹn, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó mu omi ní fẹ́lóṣíìpù yẹn, olórí kì í sì í dá ẹjọ́ mọ́. Moyin ló dá a lábàá. Ó tọ́, ó sì yẹ kí ó ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀, Ṣínà fẹ́ gbàdúrà. Ó wá gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá rẹ̀ tì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló rí: èmi ni. Ó sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ láìpariwo. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun sún mọ́ òun díẹ̀ sí i. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báàgì ló wà níbẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń fa ojú ọ̀run ya, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó yà ní Òkè-Àgbò, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Òjowò. Ìyá Moyin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí àyà. Moyin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣínà dọ̀bálẹ̀, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dárúkọ èṣù. Kò dárúkọ ilé bàbá rẹ̀.

"Bàbá rẹ gbọ́?" ni ìyá náà béèrè.

"Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀, mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá bínú. Wọ́n ní tí ẹ kò bá tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí n má wọ ilé àwọn."

Obìnrin náà yíjú padà. Ó wọlé lọ. Nígbà tí yóò jáde, àwo ìkókorẹ́ ló gbé lọ́wọ́, ẹja ńlá kan na orí lé e.

"Jókòó."

"Mà, n kò..."

"Ṣé o ń gba ààwẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Gbàdúrà sí i."

Moyin jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ṣínà di ojú, ó mí sínú, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ọba tó ń fi iná bora, tó ń mi ìpìlẹ̀ ayé..."

Moyin wúkọ́.

Ṣínà dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ọlọ́run, èmi ni. O ṣé tí O kò lé mi."

"Àmín," ni Moyin wí. Ó sún àwo náà mọ́ ọn. "Ẹ fara balẹ̀ jẹ ẹ́ o, Bùrọ̀dá. Epìyà ni."